Ẹ̀KỌ́ ÌLERA OṢÙ YÌÍ: BÍ A TI Ń WỌN ÈÉMÍ LÁYÉ ÒDE ÒNÍ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ló bí i. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń yẹ ìwé àwọn tó bèèrè ẹ̀yáwó pàjáwìrì wò, a rí i pé ọ̀rọ̀ "ikọ́" àti "mi ò lè mí dáadáa" pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹlòmíràn yáwó lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ikọ́ kan ṣoṣo. Owó náà bá oògùn ikọ́ lọ, ó bá abẹ́rẹ́ lọ, ó bá àgbo lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n léèrè, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n ti ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ wò rí. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè, COPD. Àwa ó máa pè é ní àrùn ìdínà-èémí. Ohun tó ń ṣe ni pé àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró á wú, wọ́n á sì há. Àwọn àpò kéékèèké tó wà ní òpin ọ̀nà náà á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa rọ́nà wọlé, ṣùgbọ́n àtijáde rẹ̀ a di ogun. Kì í ranni bí ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní tíbì, ti ń ranni. Ibi tó ti bàjẹ́ kì í padà sí bó ti wà, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń mú kí ọ̀nà náà ṣí díẹ̀ kí ènìyàn lè mí, ẹni tó bá sì tètè jìnnà sí èéfín lè dá ìyókù dúró kó má sáré bàjẹ́.

Ọ̀fọ̀n-ọ̀n ló ń yọ́ wọlé. Obìnrin tó ń ru ẹrù láti gáréèjì dé ìsọ̀ rẹ̀ láìsinmi á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá ṣe, á dúró lẹ́ẹ̀mejì. Á ní àgbà ló ń dé. Àwọn ará ilé náà á ní àgbà ló ń dé. Ọdún á gorí ọdún, títí yóò fi di pé àti wẹ̀, àti wọṣọ, di iṣẹ́ ńlá fún un. Bí a bá wá dúró dìgbà yẹn kí á tó wọn èémí rẹ̀, ohun tó ṣe é gbà là kò pọ̀ mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí dókítà bá ti fi ohun èlò rẹ̀ gbọ́ àyà, tí a sì ti ya fótò àyà, ọ̀rọ̀ ti parí. Fótò àyà dára, kò sí ẹni tó sọ pé kò dára. A máa fi ikọ́ ife hàn, a máa fi òtútù àyà hàn, a sì máa fi hàn bí ọkàn bá tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n àrùn ìdínà-èémí lè wà lára ènìyàn kí fótò rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì elérò 14 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gáréèjì. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ń ṣí dáadáa, kí a tó ka ení, èjì, èrò tó pọ̀ jù ti bọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà bá há, wọ́n á ṣì bọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, tòun ti ariwo. Iye èrò kan náà ni, ilẹ̀kùn ló yàtọ̀. Fótò fi bọ́ọ̀sì hàn wá níbi tó dúró sí. Kò lè fi bí èrò ṣe ń bọ́ hàn wá.

Ohun tó ń fi ìyẹn hàn ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sipirómítà, ẹ̀rọ ìwọn-èémí. Ènìyàn á fa atẹ́gùn sínú títí tí àyà rẹ̀ á fi kún dẹ́múdẹ́mú, á wá fi ẹnu bo ọ̀pá rẹ̀, á fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lú gbogbo agbára, á sì máa fẹ́ ẹ lọ títí kò fi ní sí èyí tó kù. Ẹ̀rọ náà á ka nǹkan méjì: iye tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní, àti iye tó jáde lápapọ̀. Ká sọ pé bàbá kan fẹ́ lítà 4 jáde lápapọ̀, tí lítà 3.2 nínú rẹ̀ sì jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní. Ìyẹn jẹ́ 80 nínú 100, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Bàbá kejì fẹ́ lítà 3, ṣùgbọ́n 1.5 péré ló jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní. Ìyẹn jẹ́ 50 nínú 100. Bí ìpín yìí kò bá tó 70 nínú 100, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún ẹni náà ní oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, dókítà á mọ̀ pé ìdínà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Oògùn tí a wí yìí ni salbutamol, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ventolin. Wọ́n á ní kó fà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kó tó tún ẹ̀rọ fẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ásímà náà a máa dí ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n ti ásímà sábà máa ń ṣí padà bí oògùn bá dé ibẹ̀. Àwọn tí àìsàn méjèèjì jọ ń bá jà wà o, nítorí náà iṣẹ́ dókítà ni láti tú u palẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ kẹ́míìsì.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ní 1846 ni John Hutchinson, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé nípa tirẹ̀, lẹ́yìn tó ti wọn èémí àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000. Omi àti àgbá ni wọ́n fi ṣe tayé ìgbà náà, ó tóbi, kò ṣe é gbé káàkiri. Tòde òní wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Òmíràn ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn eré tí atẹ́gùn ń sá, òmíràn ní abẹ̀bẹ̀ kékeré nínú tó ń yí. Wọ́n á so ó mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, á ya ìlà èémí náà sójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì sọ bí ẹni náà kò bá fẹ́ ẹ dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, torí ìfẹ́ tí kò dára a máa purọ́. Ó kéré tán, ìfẹ́ mẹ́ta tó dára ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ máa lọ, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìyípadà kan tún dé ní 2025. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní GOLD, tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà lórí àrùn yìí, sọ pé bí ìfẹ́ àkọ́kọ́, kí á tó lo oògùn rárá, bá ti pé 70 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò pọn dandan kí wọ́n tún un fẹ́ lẹ́yìn oògùn, àfi bí dókítà bá ṣì ń fura gidigidi. Àwọn tí tiwọn kò pé 70 ni yóò gba oògùn kí wọ́n tún fẹ́ ẹ. Ẹ ẹ̀ rí i pé èyí ń dín àkókò àti owó kù, pàápàá níbi tí èrò bá ti pọ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan nínú yín á máa sọ pé, "Èmi ò mu sìgá rí, kí ló kàn mí?" Ìbéèrè yìí gan-an ni ẹ jẹ́ kí á fi Ilé-Ifẹ̀ dáhùn. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní gáréèjì wa níbí kò ní pẹ́ débẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ ká pè é ní ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó. Dókítà Daniel Obaseki, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gregory Erhabor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ ìwọn-èémí lọ bá àwọn ará Ifẹ̀ tí wọ́n ti pé 40 ọdún sókè. Ó wà lára iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní BOLD, tí wọ́n ti ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 2016 ni àbọ̀ ti Ifẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nínú 100 ènìyàn, 89 ni kò mu sìgá rí láyé wọn. Síbẹ̀, 7.7 nínú 100 ni ọ̀nà èémí wọn ti dí. Àwọn tí dókítà ti sọ fún rí pé wọ́n ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò ju 0.3 nínú 100 lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi 1,000 ènìyàn ṣírò rẹ̀ kó lè yé wa: 77 ni ìdínà wà lára wọn, 3 péré ni wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n ń rìn lọ láàárín ọjà ni. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, torí àwọn olùwádìí náà sọ pé àmì àìsàn tó hàn lára wọn kò pọ̀.

Ta ni ewu náà wà fún jù? Ẹni tó ti ní ikọ́ ife rí, àti ẹni tó ti ní ásímà rí, ni tiwọn ga jù lọ. Ẹni tí kò kàwé náà wà níbẹ̀. Ohun tó ya àwa lẹ́nu ni pé wọn kò rí i pé igi ìdáná àti èédú fa ìdínà náà ní Ifẹ̀. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe àwáwí o. Èéfín ń ṣe ara níbi lọ́nà mìíràn, àti pé èéfín Ìwó Road wa yìí kì í ṣe ti igi nìkan: mọ́tò tó ń gbérò wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ iwájú ìsọ̀ wà níbẹ̀, àwọn jórinjórin wà níbẹ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n ń jó lálẹ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí bá rí ni kí á sọ pé ó rí.

Ti ikọ́ ife yìí ló ká wa lára jù, nítorí a ti rí i nínú ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, awakọ̀, gba ìtọ́jú ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà, ó parí rẹ̀, wọ́n ní ó ti sàn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ikọ́ padà dé, èémí sì ń tán an. Níbi tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n wo fótò, wọ́n rí àpá ẹ̀dọ̀fóró àtijọ́, wọ́n sì sọ pé tíbì ló tún dé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn láìsí pé ẹnikẹ́ni yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sàn. Ilé ìwòsàn kejì ló ní kó wá fẹ́ ẹ̀rọ: kò sí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀nà èémí ló ti dí. Láàárín ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹnu kan kọ́ọ̀bù rẹ̀, èrò ọkọ̀ sì ń sá fún un. Ní 2023, GOLD kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn dókítà máa ka irú àrùn ìdínà-èémí tí àkóràn bí ikọ́ ife fà sí ẹ̀yà kan lọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù sìgá. Èyí bá tiwa mu dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀: ta ni wọ́n ń fi èémí wa wé? Ẹ̀rọ kì í dá sọ pé iye kan kéré. Ó ní láti mọ iye tí ẹni tí ara rẹ̀ le, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ lọ́jọ́ orí àti ní gíga, tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tìrẹ, máa ń fẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n á wá yọ nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 kúrò bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bí ẹni pé Ọlọ́run dá ẹ̀dọ̀fóró tiwa kéré. Ní 1971, Femi-Pearse àti Elebute ti wọn èémí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le, wọ́n sì kọ ọ́ jáde. Síbẹ̀, nígbà tí òṣùwọ̀n àgbáyé kan jáde ní 2012, tí wọ́n fi àwọn ènìyàn 74,187 láti orílẹ̀-èdè 26 ṣe, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi dúró fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àyà ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yé fi àwọ̀ ara ṣe òṣùwọ̀n, kí gbogbo ènìyàn máa lo ọ̀kan ṣoṣo. A rò pé ìyẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí yóò tẹ́ wa lọ́rùn ni kí wọ́n wọn àwa gan-an púpọ̀ sí i. Ohun tó fini lọ́kàn balẹ̀ ni pé ìpín tí a sọ lókè, ti ìṣẹ́jú-àáyá kìíní nínú àpapọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti àwọ̀ kan sí èkejì. Ọjọ́ orí ló ń yí i padà. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni ìpín náà ń rọ̀ sílẹ̀, nítorí náà 70 tí a ń lò fún gbogbo ènìyàn lè pe arúgbó tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, kó sì fo ọ̀dọ́ tí tirẹ̀ ti ń bàjẹ́ dá. Ìdí nìyí tí àwọn ti Ifẹ̀ fi lo òṣùwọ̀n tó ń bá ọjọ́ orí lọ.

Àgbàlagbà tí kò lágbára àti fẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ mìíràn wà fún irú wọn, oṣilomẹ́tírì. Ẹni náà á kàn jókòó, á fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á máa mí bó ti ń mí lójoojúmọ́, ẹ̀rọ náà á sì máa rán ìgbì kéékèèké wọ ọ̀nà èémí rẹ̀ láti mọ ibi tó ti há. Láti 1956 ni DuBois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ayé òde òní ló jẹ́ kó rọrùn. Kò tíì gba ipò sipirómítà o, ó ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Síkáànì àyà náà wà, tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró hàn bí ẹni gé búrẹ́dì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní JAMA gbé ìlànà tuntun kan jáde, èyí tó da síkáànì àti bí ara ṣe ń ṣe aláìsàn pọ̀ mọ́ ìfẹ́ ẹ̀rọ. Nínú àwọn tí ìfẹ́ wọn kò fi ìdínà kankan hàn, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ìlànà yìí sọ pé wọ́n ní àrùn náà. Ìròyìn gidi ni. Àmọ́ àwọn tó ti mu sìgá ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe é, owó síkáànì kì í sì í ṣe owó kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá yáwó síkáànì lọ́dọ̀ wa nígbà tí kò tíì fẹ́ ẹ̀rọ.

Èyí tó wu àwa jù nínú gbogbo ohun tuntun náà ni èyí tó rọrùn jù. Ní 2022, ìwé ìròyìn JAMA kan náà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti Nepal, Peru àti Uganda, lórí àgbàlagbà 10,709. Ìbéèrè díẹ̀ ni wọ́n bi wọ́n, wọ́n sì ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá oníke kékeré tó ń sọ bí èémí ti lágbára tó. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 lọ, kò sì pọn dandan kó jẹ́ dókítà ni yóò ṣe é. Ète rẹ̀ ni pé àwọn tó bá jọ pé ó wà lára wọn ni kí wọ́n máa rán lọ síbi ẹ̀rọ ńlá. Nínú àwọn tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 95 nínú 100 ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ kì í ṣe ti Ifẹ̀ nìkan.

Ní ti ohun tí ẹ ó ṣe: ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe é, òun àti oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí kòkòrò níbẹ̀, tí ikọ́ tàbí àìlèmí náà kò sì lọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà tààrà pé, "Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n fẹ́ sipirómítà?" Ilé ìwòsàn UCH tó ti wà láti 1957 kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn àyà ti ìjọba sì wà ní Jẹ́ríkò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ má ṣe jẹun yó àjẹkì, ẹ má mu ọtí, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì fi ìró tàbí bẹ́líìtì di ikùn pinpin. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ikùn tàbí àyà fún, tàbí tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láàmú, kó sọ ọ́ kó tó fẹ́ ohunkóhun.

Ìgbìmọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ kan wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀: ṣé kí á yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́, kí á fi pe àwọn elétò ìlera wá fún ọjọ́ kan, kí wọ́n wá bi wá ní ìbéèrè kí wọ́n sì fún wa ní ọ̀pá kékeré náà fẹ́? Ẹnu ìgbìmọ̀ kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní owó ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó oògùn, àti pé bí a bá rí àrùn náà lára ènìyàn, ta ni yóò máa ra oògùn fún un lóṣooṣù? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan dáhùn pé owó tí à ń yá fún oògùn ikọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ti ń jáde tẹ́lẹ̀ náà. Ẹ̀yin ni ẹ ó dìbò.

Bí ìpàdé bá gbà á, àwọn tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ ni àwọn tó ti lé ní 40 ọdún, àwọn tó ti gba ìtọ́jú ikọ́ ife tàbí ásímà rí, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èéfín. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kó sì mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àtijọ́ dání, pàápàá káàdì ìtọ́jú ikọ́ ife bó bá ní in.